Florida 65, Houston 63: ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru Emanuel Sharp

ỌmọCougar_Alief
Ẹ kú àìsùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ fi òru wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ẹ kú ìfaradà.

Fún ẹni tí kò wò ó: àṣekágbá NCAA, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ọdún 2025 ni, ní Alamodome ní San Antonio, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Yunifásítì Houston àti Yunifásítì Florida ló pàdé. Florida 65, Houston 63. A fi 12 ṣáájú wọn ní ìdajì kejì, 42 sí 30. Tí ẹ bá ro gbogbo àkókò tí Florida fi wà níwájú wa pọ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ nínú ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn náà ló gbé ife lọ sílé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni èébú tí mò ń rí káàkiri láti àná. Ìṣẹ́jú àáyá bíi mọ́kàndínlógún ló kù, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, póìǹtì méjì la fi wà lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Emanuel Sharp, agbábọ́ọ̀lù wa, lẹ́yìn ìlà onípóìǹtì mẹ́ta. Ó fò sókè láti jù ú. Walter Clayton Jr. ti Florida sáré dé, ó na ọwọ́ sókè, Sharp sì rí i pé tóun bá jù ú, wọ́n á gbá a bọ̀. Ó bá já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lókè. Kò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Alex Condon, ti Florida náà, fò lé e lórí ilẹ̀, aago sì kú. A ò tiẹ̀ rí bọ́ọ̀lù kankan jù sí apẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ayé wá ń sọ pé Sharp ló pàdánù ife Houston. Mi ò gbà. Ẹni tó fi 12 ṣáájú tó wá jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ti kọ́kọ́ ṣe ohun mìíràn tó burú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Surulere_Post
Ọ̀rẹ́ mi, mo kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ sí apá ibẹ̀. Èmi náà ń gbá post, ipò abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ní Rowe Park, mo mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà ju bọ́ọ̀lù sókè. Kí ni J'Wan Roberts àti Joseph Tugler wà níbẹ̀ fún? Rebound, gbígba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, ni oúnjẹ Houston. Bí Sharp bá jù ú tí kò wọlé, kódà bí Clayton bá fọwọ́ kàn án, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹni tiwa. Kóòṣì Kelvin Sampson fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn eré pé kò yé òun bí a ò ṣe rí nǹkan kan jù.

Ẹ má sì gbàgbé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Alijah Martin ti Florida ju free throw (jíjù ọ̀fẹ́ lẹ́yìn fáòlù) méjì wọlé, ó di 64 sí 63 fún wọn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà dé ọ̀dọ̀ wa, Sharp náà ló mú un, Will Richard ti Florida dí i mọ́nà, bọ́ọ̀lù ta lu ẹsẹ̀ Sharp, ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn, ọwọ́ ẹnì kan náà. Kì í ṣe èébú ni mò ń sọ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

ỌmọCougar_Alief
Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè ìdí tó fi jẹ́ Sharp ló ń ta bọ́ọ̀lù níwájú Richard ní irú àkókò yẹn. Sharp kì í ṣe adarí eré. Ẹni tó ń dúró sí igun, tí wọ́n ń fa bọ́ọ̀lù fún kó jù ú, ni Sharp. Milos Uzan ni iṣẹ́ dídarí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jíjù sí ipò atabọ́ọ̀lù, tí nǹkan sì bàjẹ́, ẹni tó fi í síbẹ̀ ń kọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Peckham
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tuntun ni mo jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù yìí, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀. Kí ló dé tí Sharp kò kàn gbé bọ́ọ̀lù náà padà? Iwájú rẹ̀ gan-an ló ń ta sí. Ṣe ló dúró tó ń wò ó. Mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí tí ará ilé mi fi jí.

Rẹfirí_Ìbàdàn
Àbúrò, ìbéèrè tó dáa lo bi. Òfin ni kò jẹ́ kó gbé e. Tí agbábọ́ọ̀lù bá ti dá bọ́ọ̀lù dúró sọ́wọ́, tó sì fò sókè láti jù ú, ohun méjì ló kù fún un: kó jù ú, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Tó bá já a sílẹ̀, tó sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, travelling nìyẹn, àwọn Florida ni wọ́n máa kó bọ́ọ̀lù fún. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi dúró tì í. Ó ń retí kí ẹnì kejì rẹ̀ sáré dé.

Mo máa ń darí eré àwọn ọmọ iléèwé girama, mo sì ń fún ọ̀pọ̀ wọn ní travelling lórí irú eléyìí gan-an. Àwọn ọmọdé máa ń gbé e padà láìronú. Pé Sharp rántí òfin nínú ariwo yẹn, tó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ọgbọ́n ni. Àwọn mẹ́rin yòókù ni kò tètè mọ̀ pé àwọn ló kù tó lè gbà á. Condon mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Peckham
Haa! Ó ti yé mi báyìí. Ẹ ṣeun sà. Àánú rẹ̀ wá ń ṣe mí sí i.

GatorÌjẹ̀bú
Ẹ kúulé o. Gainesville ni mò ń gbé, ẹ sì mọ ẹni tí mò ń tì lẹ́yìn, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe yín níkà. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ibí, gbogbo yín ń sọ ohun tí Houston ṣe sí ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Florida ṣe sí Houston.

Clayton ju 34 wọlé nígbà tá a na Auburn 79 sí 73 ní ọjọ́ Sátidé. Nínú àṣekágbá, ní ìdajì àkọ́kọ́, òfo. Kò rí ẹyọ póìǹtì kan. Àwọn Houston fi ẹni méjì mọ́ ọn lára ní gbogbo ìgbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù dání, ó dà bí ẹni tí wọ́n há mọ́ yàrá. Ẹlòmíràn á ti bínú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù játijàti. Clayton ń fi ránṣẹ́ fún àwọn yòókù. Richard ló gbé wa ró, ó jẹ 18. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Clayton jí: 11 ni gbogbo ohun tó jẹ, ìdajì kejì ló ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí ajubọ́ọ̀lù, dídènà ló fi gba ife. Eré tó sá bá Sharp yẹn kì í ṣe oríire. Ó dé ibẹ̀ láì gbá a lára, láì ṣe fáòlù. Ẹ wo fídíò rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Nàìjíríà wa náà wà níbẹ̀ o, Rueben Chinyelu, ọmọ Anambra, tó gba NBA Academy Africa ní Senegal kọjá kó tó dé Amẹ́ríkà. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ níbí. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n tiwa ni.

Surulere_Post
Chinyelu, a kí i kú oríire tọkàntọkàn. Ìlú Èkó ń wò ó. Ní ti Clayton, òótọ́ lo sọ.

ÌyáÌbejì_Katy
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí Sharp. Ní Sátidé, ọjọ́ méjì péré ṣáájú èyí, ta ló gbà wá lọ́wọ́ Duke nínú eré tó gbé wa dé àṣekágbá? Duke fi 14 ṣáájú wa, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Sharp ni ó ju mẹ́ta wọlé tó sọ ọ́ di 67 sí 64. Àfi ìgbà yẹn ni ara wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mylik Wilson já bọ́ọ̀lù gbà níbi tí wọ́n ti ń jù ú wọlé, ó jù ú, kò wọlé, Tugler gbé e láti òkè, ó rọ́ ọ wọnú apẹ̀rẹ̀. 67 sí 66. Lẹ́yìn náà ni Roberts ju free throw méjì tó gbé wa síwájú. 70 sí 67. Èmi ń ké, àwọn ọmọ mi ń ké, aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú ọmọ yìí lónìí, ẹ̀yin kan náà lẹ gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé yín ní Sátidé. Láìsí mẹ́ta yẹn, ta ló máa wà ní àṣekágbá tí a ń jà lé lórí? Mo rí i lẹ́yìn tí aago kú, ó ká jọ sílẹ̀, kò lè dìde. Ọmọ olómọ ni.

Ẹ tún gbọ́ o: bàbá rẹ̀, Derrick Sharp, gbá fún Maccabi Tel Aviv fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ju mẹ́ta kan lọ́dún 2004 nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Žalgiris, ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, tó fi di àfikún àkókò. Ilé tí wọ́n ti mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Kì í ṣe ojo.

Surulere_Post
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò pè é ní ojo. Ohun tí mò ń sọ ni pé a nílò póìǹtì méjì péré láti dọ́gba. Kí ló dé tí a fi ń wá mẹ́ta? Ẹ rántí eré wa pẹ̀lú Purdue nínú ìdíje yìí kan náà, ní Indianapolis. 60 sí 60, ó kù díẹ̀ kí aago kú, Uzan ju bọ́ọ̀lù wọlé fún Tugler, Tugler dá a padà fún un, Uzan sáré dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó fi í sínú jẹ́jẹ́. 62 sí 60. Ètò gidi nìyẹn, tí wọ́n yà sórí pátákó, tí oníkálukú mọ ibi tóun máa dúró sí. Níbo ni irú ètò yẹn wà ní San Antonio? L.J. Cryer jẹ 19, òun ló jẹ jù nínú wa. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kò dé ọwọ́ rẹ̀.

GatorÌjẹ̀bú
Kò dé ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé a ò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Mo tún ń sọ ọ́.

Bàbá_SugarLand
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ti wà ní Houston lọ́dún 1983. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, àwa ọmọ Nàìjíríà kò pọ̀ tó báyìí, nítorí náà nígbà tí ọmọ Èkó kan tó kàwé ní Muslim Teachers College bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston, ojú wa ò kúrò lára rẹ̀. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, kó tó fi H kún un lọ́dún 1991. Olajuwon. Ọmọ tó ti ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó ń gbá handball, tí kò tíì pẹ́ tó mọ apẹ̀rẹ̀ rárá.

Phi Slama Jama ni wọ́n ń pe ikọ̀ náà. Òun àti Clyde Drexler. Wọ́n ti na ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tẹ̀ léra kí wọ́n tó dé àṣekágbá ní Albuquerque. North Carolina State ni wọ́n bá pàdé, ikọ̀ tí àwọn ikọ̀ mìíràn ti nà lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó fi ojú ẹni tó lè gba ife wò wọ́n. Nígbà tí Houston wá fi méje ṣáájú ní ìdajì kejì, kóòṣì Guy Lewis ní kí wọ́n fa ọwọ́ eré sẹ́yìn, kí wọ́n máa di bọ́ọ̀lù mú. Ikọ̀ tí eré sísá ni agbára rẹ̀! NC State bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáòlù dá wọn dúró kí wọ́n lè máa lọ ju free throw, Houston ò sì mọ̀ ọ́n jù. 52 sí 52. Alvin Franklin, ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì, lọ sí ìlà, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Kò wọlé.

Ìyókù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé apẹ̀rẹ̀ rárá. Lorenzo Charles gbé e lókè, ó rọ́ ọ wọlé. 54 sí 52. Kóòṣì wọn, Jim Valvano, ń sáré kiri pápá, ó ń wá ẹni tó máa dì mọ́. Olajuwon jẹ 20, ó gba rebound 18, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n na ikọ̀ rẹ̀. Títí dòní, kò tíì sí ẹlòmíràn láti ọ̀dọ̀ ikọ̀ tí wọ́n nà tó gba àmì ẹ̀yẹ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 1984, Georgetown ti Patrick Ewing nà wá, 84 sí 75. Ìyẹn kò dùn mí tó ti 1983. Wọ́n lágbára jù wá lọ, ó tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò nìyí. Lọ́dún 1983, Franklin ni gbogbo ìlú dojú kọ. Lónìí Sharp ni. Ṣùgbọ́n ní ìgbà méjèèjì, a ti fi ọwọ́ ara wa dín iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sọ́wọ́ wa kù, débi pé àṣìṣe ọmọ kan ṣoṣo di odindi eré.

ỌmọCougar_Alief
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo ń wá ẹnu sọ gan-an lẹ sọ yìí.

Houston ti Sampson, jẹ́jẹ́ ló ń gbá. Bọ́ọ̀lù díẹ̀, dídènà líle, rebound. Bó ṣe ń borí nìyẹn, mi ò kọ̀ ọ́: 35 la gbà, márùn-ún péré ni wọ́n nà wá ní gbogbo sáà yìí. 19 nínú 20 ní Big 12, líìgì tí a wà. Lábẹ́ ẹlòmíràn, a ò tiẹ̀ ní dé San Antonio. Nígbà tí ọkùnrin yìí dé lọ́dún 2014, ta ló ń sọ̀rọ̀ Houston? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tó kọjá: Duke nà wá 54 sí 51 lọ́jọ́ tí Jamal Shead, agbábọ́ọ̀lù wa, fẹsẹ̀ rọ́. Ẹ wo Purdue, póìǹtì méjì. Duke ọdún yìí, mẹ́ta. Florida, méjì. Tí ikọ̀ bá ń gbá lọ́nà yìí, kódà nígbà tó bá fi 12 ṣáájú, kò sí ibi tó lè sá jìnnà dé. Alátakò á ṣì máa rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán. Florida rí wa. Wọ́n jẹ 37 ní ìdajì kejì, àwa jẹ 32, ó tó.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹ má di í ru Sharp. Lẹ́yìn tí a dé 42 sí 30, ìgbà yẹn ló yẹ ká sáré, kí a jẹ́ kí 12 di 18. A ò sáré.

Surulere_Post
Ìwọ fẹ́ kí Sampson yí ohun tó fi gba 35 padà láàárín ìdajì kan? Lewis yí ohun tó fi gba 26 padà lọ́dún 1983, Bàbá ti sọ bó ṣe parí. Lewis ní eré sísá, ó fà á sẹ́yìn, ó pàdánù. Tí Sampson náà bá fi jẹ́jẹ́ sílẹ̀, tó sáré, tó pàdánù, ohun tó o máa wá kọ síbí ni pé kí ló dé tí kò dúró sórí ohun tó mọ̀.

Bàbá_SugarLand
Ọmọ yìí gbá mi mú níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìwúwo. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un: tí eré bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn ohun kékeré ló ń pa ikọ̀ ńlá. Duke náà, nígbà tí wọ́n ṣì fi póìǹtì kan ṣáájú wa, Tyrese Proctor lọ sí ìlà free throw, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju ti àkọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó rí ìkejì. Kò wọlé. Irú èyí tí Franklin pàdánù gẹ́ẹ́ nìyẹn. Mo fò dìde lórí àga. Mo ní, ó ti padà sí wa lọ́wọ́ báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Peckham
Bàbá, ìbéèrè kan. Ẹ ní Houston di bọ́ọ̀lù mú lọ́dún 1983. Ṣé aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ kò sí nígbà náà ni?

Rẹfirí_Ìbàdàn
Jẹ́ kí n bá Bàbá dáhùn. Nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, kò tíì sí i nínú ìdíje yẹn. Sáà 1985 sí 1986 ni NCAA fi aago sí i, ìṣẹ́jú àáyá 45. Wọ́n dín in kù sí 35, wọ́n sì tún dín in kù sí 30 láti sáà 2015 sí 2016. Lọ́dún 1983 o lè di bọ́ọ̀lù mú títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. NC State náà ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí Franklin pàdánù, àwọn ló di í mú dé ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Ní San Antonio, nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá bíi 19 kù, aago 30 ti pa, aago eré nìkan ló kù. Kò sí ohun tó ń lé Houston ju aago yẹn lọ.

ÌyáÌbejì_Katy
Cryer àti Roberts ti parí ti wọn o, wọn ò lè padà. Roberts tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a dé Final Four, ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kù kẹ́yìn, lọ́dún 2021. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ mú omi bọ́ lójú mi. Sampson sì ti di ẹni ọdún 69, òun ni ì bá jẹ́ kóòṣì tó dàgbà jù lọ tó gba ife yìí. Ó sì tún gbọ́dọ̀ wo Todd Golden, kóòṣì Florida, ẹni ọdún 39, kó gbé e.

GatorÌjẹ̀bú
Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Golden jẹun. Ọdún 2007 la ti gbà á kẹ́yìn.

ÌyáÌbejì_Katy
Ẹ gbà á lọ́dún 2006, ẹ gbà á lọ́dún 2007, ẹ tún gbà á lónìí. Houston kò gbà á rí, àní ẹyọ kan. Ẹ máa jẹun, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa náà ké.

Surulere_Post
Mo ṣì dúró lórí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Mo tún wo fídíò náà lẹ́yìn tí GatorÌjẹ̀bú sọ̀rọ̀. Clayton dé ibẹ̀ pẹ̀lú eré tó pọ̀ gan-an. Ká ní Sharp kò fò, kó kàn ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, Clayton á ti fò kọjá rẹ̀, ààyè á sì ṣí sílẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ìgbésẹ̀ kan sí iwájú, a ti wà ní ibi onípóìǹtì méjì. Ohun tí mo máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní Rowe Park nìyẹn ní Sátidé tó ń bọ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ẹni tó ń bọ̀ ná.

ỌmọCougar_Alief
Fi fídíò náà hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n fi ti Sátidé hàn wọ́n pẹ̀lú, èyí tó jù sí Duke. Kí wọ́n rí méjèèjì.

Surulere_Post
Ó dáa. Màá fi méjèèjì hàn wọ́n.